Áàpù Ìrẹsì Tí Mo Kọ̀ Láti Ṣí

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá mi wá dúró níwájú tábìlì mi ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlèwó. Ó ní bí áàpù orí fóònù tí a ń ṣe fún Alàájì, oníbàárà wa, kò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Mo ní, "Ọ̀gá, kò ní bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tó ń mu gààrí gbàgbé ṣíbí sẹ́nu.

Èmi ni alábòójútó iṣẹ́ níbẹ̀. N kì í kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ ohun tí oníbàárà fẹ́, kí n pín in fún àwọn tó ń kọ kóòdù, kí n sì rí i pé ó parí. Àwọn kan rò pé ìpàdé ni mo ń jẹ bí oúnjẹ. Wọn kò kúkú parọ́ pátápátá.

Ìdílé oníṣòwò ni ìdílé Alàájì ní Ìtòkú, láti ayé bàbá wọn ni wọ́n sì ti ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà. Àwọn àgbẹ̀ a máa kó ìrẹsì wọn wá sí ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Ọ̀fàdà, àpò oníkálukú a sì wà lọ́tọ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni rà á. Áàpù wa ni yóò máa sọ èyí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Pálọ̀ Alàájì ni a ti ń ṣèpàdé. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìjókòó kan kò sì ní parí kí wọ́n má sọ pé, "Ẹ bá mi fi nǹkan kékeré kan kún un." Lónìí, kí áàpù máa sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ó máa pe ìrun. Ta ló fẹ́ wo ojú àgbàlagbà kó sọ pé rárá? Gbogbo wa a dáhùn pé, "Kò sí wàhálà, sà." Ohùn tèmi ló tilẹ̀ máa ń ròkè jù. Bí iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ṣe di oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn. Ọ̀gá wá gba èèyàn mẹ́ta kún wa kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà pa á tì, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló bá tún falẹ̀ sí i.

Àṣìṣe tó burú jù, èmi ni mo ṣe é. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, n kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ọ̀fàdà rárá. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí ni mo tó lọ, mo sì fi áàpù náà han Ìyá Ráfíù, obìnrin tó ń gba àpò wọlé ní ilé ìkẹ́rùsí.

"Ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ síbẹ̀, mà, orúkọ rẹ̀ á jáde."

Ó wò mí. "Àǹtí, ní agboolé tó wà lọ́hùn-ún yẹn, fóònù kan ṣoṣo ni obìnrin márùn-ún ń lò. Oko wọn ò sì papọ̀ o."

Nọ́ńbà fóònù ni a fi dá àgbẹ̀ mọ̀ nínú áàpù, nọ́ńbà kan fún ẹnì kan. A dán an wò, àpò àwọn obìnrin márààrún sì bọ́ sábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Ìyá Ráfíù ní, "Ẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé onílé nìyẹn."

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá lọ́jọ́ kejì, ó ní Alàájì ti pe àwọn èèyàn ńlá síbi tí a ó ti ṣí áàpù lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ti gba tẹ́ńtì, pé a ó tún un ṣe tó bá yá. Inú bí mi gan-an. Ẹni tí ìrẹsì rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, ṣé yóò dúró de "tó bá yá"?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ilé Alàájì lọ. Ọ̀gá gbọ́, ó sáré tẹ̀ lé mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà, a ò ní lè ṣí áàpù yẹn lọ́jọ́ Ajé."

"Kí ló dé? Ọ̀gá ẹ ní gbogbo ẹ̀ ti parí."

"Kò tíì parí, sà. Mi ò sì ní ṣí i."

Ọ̀gá fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. "Alàájì, ẹ má dá a lóhùn, ara rẹ̀ ni kò yá."

Ara mi yá. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo na fóònù sí Alàájì. Ìyá Ráfíù ti sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n Alàájì lóbìnrin ṣì ń dáko ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, pé fóònù aládùúgbò ló sì ń lò. Mo ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Orúkọ aládùúgbò ló jáde.

"Ìrẹsì ẹ̀gbọ́n mi wá dà?"

"Ó ti di ti aládùúgbò wọn, sà."

Alàájì dá fóònù padà fún mi. Wọ́n wá kọjú sí ọ̀gá mi. "Ṣé o mọ̀ nípa èyí?"

Ọ̀gá ní, "A ó tún un ṣe tó bá yá, sà." Alàájì ní kí wọ́n dá tẹ́ńtì padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi tún un ṣe. Mo kó gbogbo àwọn tó ń kọ kóòdù lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, Ìyá Ráfíù sì di olùkọ́ wa. Orúkọ, agboolé àti àwòrán ojú ni a fi ń dá àgbẹ̀ mọ̀ báyìí. Nígbà tí mo bẹ Alàájì pé kí a yọ ìrun pípè kúrò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mọ́sáláṣí kò kúkú jìnnà sí àwọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò gbàgbé. Ó fún mi ní lẹ́tà pé mo tàbùkù òun níwájú oníbàárà, pé kí n kọ ìwé ìtọrọ àforíjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa lọ. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yẹ kí n ti lọ sí Ọ̀fàdà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò sì lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn obìnrin márùn-ún náà, mo dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Mo fi lé e lọ́wọ́, mo padà sídìí iṣẹ́ mi, n kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.