Omi Tí Suara Kò Gbọdọ̀ Mu

Kò sí ohun tó ń ba Sùlíyá lẹ́rù nínú ilé rẹ̀ tó omi. Ọdún tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ń fún gbogbo ìlú lọ́rùn ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ọkọ rẹ̀, Suara, ṣánlẹ̀ nídìí máṣíìnì, ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin n'Ìkẹjà. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá mu omi, ọ̀nà èémí lomi ń gbà. Ife omi kan ṣoṣo ti sọ ọ́ padà sí ọsibítù rí, tí àyà rẹ̀ ń dún bí ìkòkò tó ń hó.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn, tó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbé nǹkan mì, ti kìlọ̀ fún Sùlíyá: "Màmá, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó, ẹ má fún un lómi. Ẹ̀kọ tó ki ni kẹ́ ẹ fún un. Kó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kó gbé e mì, kó tún gbé itọ́ mì. Kó wá sọ̀rọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni pé omi wà níbẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alfa Dàwódù, ẹ̀gbọ́n Suara, ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sí ilé wọn ní Agége. Ìgò hàǹtú ló gbé dání, omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà.

"Ìyàwó, ife dà?"

"Bàbá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ mumi."

"Ta ló pe èyí lómi? Ẹ ń ṣọ́ owó, ẹ ń ṣọ́ kẹrosíìnì, ẹ tún wá ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun?"

Suara ti na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ètè rẹ̀ ti sán. Ojú tó fi ń wo ìgò náà dun Sùlíyá wọ egungun.

Alfa bu hàǹtú sínú ife, ó fọwọ́ ti àgbọ̀n àbúrò rẹ̀ sókè bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ọmọ lágbo. "Bísímílà."

Sùlíyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife.

Ìyàwó ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Òun náà mọ̀.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

"Ẹ jẹ́ kó yè ná, kẹ́ ẹ wá nà mí, Bàbá." Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò kúrò. "Ẹ jẹ́ kí n fi po ògì fún un. Kò ní í kán sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló máa jẹ."

Alfa wò ó títí. "Ẹ̀kọ hàǹtú. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, títí dé Ìlọrin." Ó gbé ife náà lé e lọ́wọ́.

Sùlíyá dá iná, ó fi hàǹtú náà po ògì, ó ro ó títí ó fi ki. Nígbà tó tutù, Alfa gba síbí. "Èmi ni màá fún un."

"Ẹ má gbé síbí ga, Bàbá. Àyà rẹ̀ ni kó máa wò."

Suara tẹrí ba. Gògóńgò rẹ̀ gòkè, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gòkè. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Alfa dá síbí padà sínú abọ́.

"Sọ̀rọ̀," Sùlíyá wí.

Suara la ẹnu. "Ṣúgà... dà?" Ohùn náà ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbẹ.

Alfa kò rẹ́rìn-ín. Sùlíyá ló kọjú sí. "Ìyàwó, ṣé kí n fún un sí i?"

Sùlíyá gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró ná. Ó ti gbé etí lé àyà ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ èémí.