Ṣáà Tẹ Yes

Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri kafé ìńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Limawa, ní èdè Hausa: Danna Yes kawai. Ṣáà tẹ Yes. Mo ń sin ilẹ̀ bàbá mi ní Minna nígbà náà, n kò sì rí òfin mìíràn tí gbogbo ènìyàn ń pa mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bátìrì kékeré inú àwọn kọ̀ǹpútà náà ti kú. Bí iná bá lọ tó sì dé, aago wọn á padà sí ọdún tó ti kọjá. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣí ímeèlì, búráúsà á yẹ ìwé ẹ̀rí tó ń fi hàn pé ojú òpó náà kì í ṣe ayédèrú wò, á rí i pé ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kò tíì dé, á sì béèrè bóyá ká máa lọ. Èmi máa ń ka ìkìlọ̀ náà tán kí n tó fèsì.

"Haba, Kọ́pà," ni oní-kafé máa ń wí, "ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ rà ni?"

Nígbà tó yá, mo ń tún aago ṣe kí n tó jókòó. Ìkìlọ̀ dáwọ́ dúró. Mo gbà pé mo ti mọ búráúsà tán.

Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́, tí a jọ ń gbé nílé kan ní Soje, máa ń bá mi lọ; mo ti sọ fún wọn pé aago ló ń fa ìkìlọ̀. Ọmọbìnrin wọn wà ní ìlú òyìnbó, ímeèlì ni wọ́n fi ń gbúròó ara wọn. Lọ́jọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago tọ̀nà, ìkìlọ̀ tún yọ lójú kọ̀ǹpútà wọn. Orúkọ ara ìwé ẹ̀rí náà kì í ṣe orúkọ ojú òpó tí a ń lọ.

"Màmá, ẹ dúró ná."

"Aago ni jàre. Àbí kì í ṣe ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ti tẹ Yes, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn sí i.

Ayédèrú ojú òpó ni. Ẹni tó gbé e síbẹ̀, n kò lè sọ, ṣùgbọ́n òun ló gba ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn. Ó fi ímeèlì wọn kọ̀wé sí ọmọ wọn pé ìyá rẹ̀ ń retí iṣẹ́ abẹ, kó fi nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ ránṣẹ́. Ìwé ìyá rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí oríkì. Èyí kò ní. Ọmọ náà béèrè pé, "Màmá, kí ni oríkì mi?" Èsì dé pé àìsàn ti jẹ́ kí òun gbàgbé.

Ọmọ náà pe fóònù onílé wa, onílé sì ké sí ìyá rẹ̀. Ìyá olùkọ́ gbà á, wọn kò sọ hẹlóò, oríkì ọmọ wọn ni wọ́n pè.

"Ẹ̀yin ni," ni ọmọ náà wí.

Mo ti rò ó dáadáa. Búráúsà kò purọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ajá tó ń fi ohùn kan náà gbó onílé àti olè, kò sẹ́ni tó máa dìde fún un. Àwọn búráúsà òde òní kì í jẹ́ kéèyàn tẹ Yes bọ̀rọ̀ mọ́. N kò tíì rí èyí tó ń béèrè oríkì.