Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Mo Fọ̀

Òórùn ọkà yíyan gba ilé wa ní Àpápá: ọmọ ọmọ mi ń fi ẹ̀rọ tuntun pọn ọtí dúdú. Ọ̀sán kan l'Ájégúnlẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo yọjú wo ìkòkò tí màámi fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà. Nǹkan kíkan kan gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nù.

Màámi dé, wọ́n wo ìkòkò, wọ́n rọra jókòó.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, mà. Ó dọ̀tí."

"Ìdọ̀tí yẹn ni ìyá mi fún mi."

Mi ò tíì mọ̀ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ló ń mú tòní hó.

Ọmọ ọmọ mi da ìwúkàrà sínú ọtí ẹ̀. Mo ní, "Ìyá ta ló fún ẹ?"

"Mo rà á lọ́jà ni, Màmá."

"Tó o bá pọn ọ́n tán, má fọ ìsàlẹ̀ ẹ̀."