Èédú Màmá Mi àti Igbó Ìyá Wọn

Nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì, Ìkòsí là ń gbé, màmá mi sì ń ta èédú ní Kétu. Ẹ̀yin tí ẹ ń tan gáàsì lónìí lè má mọ bí kẹrosíìnì ṣe máa ń wọ́n nígbà náà. Tí kò bá ti sí nílé epo, gbogbo àdúgbò á ya bo màmá mi: àwọn olóúnjẹ, àwọn tó ń yan àgbàdo, títí dé àwọn ìyàwó ilé láti Mágódò tí wọ́n ń gbé mọ́tò wá. Èédú tó bá dé láàárọ̀ kì í di ìrọ̀lẹ́.

Abúlé wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló ń sun ún, òun náà ló ń kó o ránṣẹ́. Lójú tèmi nígbà yẹn, inú àpò ni èédú ti ń wá. N kò ronú kan igi rí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyá màmá mi ṣàdédé yọ sí wa ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá àgbà ò fẹ́ràn Èkó, wọn kì í sì í wá láìránṣẹ́. Wọn ò jókòó, wọn ò gba omi.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ta igbó etí odò," ni wọ́n wí. "Lọ́túnla ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé e."

"Igbó wo, Màámi?"

"Ẹyọ kan tó kù. Gbogbo èyí tó ṣáájú ló ti di ìyẹn." Wọ́n na ọwọ́ sí àwọn àpò èédú tó wà nílẹ̀.

Odò yẹn ni gbogbo abúlé ń mu. Lápá òkè, níbi tí wọ́n ti gé igi tẹ́lẹ̀, kìkì iyanrìn ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, a ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀ ní Ọjọ́ta, ó di abúlé. Láti ojú títì tí a ti bọ́ sílẹ̀, ibi tí mo mọ̀ sí igbó dúdú ti di kùkùté, òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń sun èédú sì ń rú èéfín káàkiri. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi, orí ìkúnlẹ̀ ni màmá mi wà tí wọ́n fi ń bẹ̀ wọ́n.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e."

"Ṣé ìwọ náà lo ń sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n tètè kó èédú wá? Tí o ò bá rà á, àwọn ará Èkó míì á rà á. Wọ́n tiẹ̀ ti ń kó o lọ sókè òkun báyìí, òyìnbó ń fi yan ẹran. Àbí odò ló fẹ́ rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló sì dun màmá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jẹun tán, àwọn agégi ti dé. Nígbà tí a sáré débẹ̀, Màmá àgbà ti jókòó sórí gbòǹgbò igi àpá kan, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Olórí àwọn agégi ní, "Màmá, ẹ dìde, ká má ṣèèṣì ṣe yín léṣe." Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Màmá mi tú gèlè wọn, wọ́n fi gbàjá, wọ́n sì jókòó tì wọ́n. Èmi wọ àárín wọn. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi gbé bákẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀, àwọn náà ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ni ọkùnrin yẹn bá fa ẹ́ńjìnnì ìgégi rẹ̀. Igi ayin tó wà nítòsí wa ló kọ́kọ́ gbé e lé. Mo rí i bó ṣe mì, tó tẹ̀, tó sì wó lulẹ̀ lódìkejì, eruku àti ewé bò wá mọ́lẹ̀. Mo di ìró Màmá àgbà mú. Ẹnikẹ́ni ò dìde.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n màmá mi dé. Wọ́n rí ìyá wọn nínú eruku, ewé lórí wọn. Olórí agégi ní, "Ọ̀gá, ẹ bá màmá yín sọ̀rọ̀, a ti sanwó." Ẹ̀gbọ́n màmá mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn sọ pé, "Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn."

Ọ̀kadà wọn ni wọ́n tà kí wọ́n tó lè dá owó olówó padà. Àwọn àti màmá mi ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Màmá mi ò ta èédú mọ́. Ẹ̀wà ni wọ́n lọ ń tà ní Mile 12, ojú wa sì rí màbo kí ọjà náà tó mọ́ wọn lára. Ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa ní Kétu làwọn oníbàárà ṣí lọ. Èédú igbó ibòmíràn ló ń wọ ibẹ̀.

Igbó etí odò ṣì wà títí dòní, òun nìkan ló dá dúró láàárín pápá. Àmọ́ ayé ti yí padà. Nísinsìnyí, ẹ ń fi fóònù ra ẹja yíyan, wọ́n á gbé e dé ẹnu géètì, ẹ ò rí iná, ẹ ò rí igi. Nígbà tiwa, a mọ orúkọ ẹni tó ń gé igi, ẹ̀gbọ́n ẹni ni, èèyàn lè lọ jókòó síwájú rẹ̀ títí ojú á fi tì í. Ẹ̀yin ọmọ mi, iwájú ta lẹ máa lọ jókòó báyìí?