Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Mi Sá Sórí Àpáta Ata

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Ràmátù Oníhò, àpáta ni àgbàlá wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Dassa, nílẹ̀ Benin, mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yìn ilé wa kò ní ilẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ ni, ó gbòòrò, tí oòrùn bá ti pa á, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ẹyin lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń sá ata, ẹ̀pà àti èlùbọ́ sí. Olúkúlùkù ló ní ojú tirẹ̀. Kò sí ẹni tó fa ìlà síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ata rẹ yí lọ sójú ẹlòmíràn, kí o wá gbọ́ irú ìdílé tí wọ́n ti bí ọ.

Òfin kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pa mọ́: bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nílé ni yóò kó ti gbogbo ènìyàn wọlé. A kì í bẹ̀ ẹ́, a kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ kó o ni.

Láàárín ata ìyá mi àti èlùbọ́ Ìyá Filomẹ́nà, àgbẹ̀ obìnrin tó múlé gbè wá, ni bàbá mi sá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ sí.

Ẹ dá ẹ̀rín yẹn dúró ná. Bàbá mi ń fi ọkọ̀ kó èrò àti iṣu, òun la sì ń jẹ. Ọkọ̀ pupa kan ni, láti ilẹ̀ Japan. Òyìnbó kan tó wá ṣe ọ̀nà ló tà á fún un kó tó padà sílé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mótéè là ń pè é nígbà náà nítorí Faransé ló kọ́ wa, kì í ṣe ẹgbẹ́ tàwọn yòókù. Ọ̀pá oníkókó kan ní í máa ṣí ihò ẹ́ńjìnnì, tí í sì í tì í, nínú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Tiwa ní méjì, wọ́n sùn ti ara wọn bí ìbejì: ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, èkejì fún èéfín tó ń jáde. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní gáréèjì kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó méjì nínú ilé ìdáná kan nìyẹn. Wọn á jà." Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o ní ẹyọ kan, ṣé o ti jẹun lónìí?"

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu òróró bí ẹni mu omi. Lọ́jọ́ kan ó rú èéfín gùdù ní Paouignan, ó sì dákẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi okùn fà á wálé, gbogbo àwọn tó ń ta gàrí lẹ́bàá ọ̀nà sì ń kí bàbá mi kú àṣeyẹ.

Ìgbà Ìyípadà nìyẹn, tí àwọn sójà ń ṣèjọba. Ẹ rántí? Gbogbo ènìyàn ti di kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ ara wa. Ìyá mi tó ń fi àtẹ ta ṣúgà, ìṣáná àti abẹ ìfárun ti di kamaráàdì. Ewúrẹ́ wa nìkan ni kò tíì dà á. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a ń pè ní Délégéè ló ń ṣojú ìjọba ní àdúgbò wa. Bó bá kígbe pé "Ehúzù!", pé ayé ti yí padà, gbogbo wa ó dáhùn pé "Dàndàn!", bí àkàsà tilẹ̀ wà lẹ́nu ẹni. Ó wá bá bàbá mi. "Kamaráàdì, ìpàdé ńlá ń bọ̀. Gbogbo ọkọ̀ ló máa lọ kó àwọn àgbẹ̀ wá láti abúlé Tré àti Akofodjoulè. Èyí tí kò bá lè rìn lọ́jọ́ náà, òkú irin ni. A ó wọ́ ọ lọ fún Ìjọba."

Bàbá mi ní, "Yóò rìn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Yóò sáré."

Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. "Bàbá Ràmátù, ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo yìí ni ẹ ní yóò sáré?"

Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó, inú bàbá mi ń dùn bí ti ọmọ ọjọ́ ọdún. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti tú u, òun kò ní í kàn tún un ṣe, òun yóò fi kún agbára rẹ̀. Ó gbé ara ẹ́ńjìnnì náà lọ sí Bohicon, wọ́n bá a mú ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i, ó sì fi pisitọ́ọ̀nù, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò náà, ti ọkọ̀ mìíràn tó tóbi jù ú lọ sínú rẹ̀. Ó wé aṣọ mọ́ igi, ó fi iyanrìn kíkúnná ha ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé títí ó fi ń dán bí awọ ọmọ ìkókó. Ó yọ kabirétọ̀ kan tó ń fún un ní epo, ó fi méjì sí i. Ajọ̀ gàrí ìyá mi ló fi bo ẹnu wọn kí eruku má baà wọlé. Ìyá mi jà títí, bàbá mi kò dá ajọ̀ padà.

Èmi ni mò ń lé ewúrẹ́ lórí àpáta. Mo fi pisitọ́ọ̀nù àtijọ́ kan ṣe ọmọ, mo pọ̀n ọ́n, mo sọ ọ́ ní Sikírátù. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ lá gírísì, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí ìyá mi fi gbé àbọ́bọ̀ dé, ẹ̀wà pẹ̀lú epo pupa àti gàrí. Bàbá mi ní kí n jẹun kí n tó máa kúnlẹ̀ lọ. A jẹun tán, ó gbàgbé.

Lábẹ́ àwọn ọ̀pá oníkókó yẹn, ife irin kéékèèké mẹ́jọ ló wà, irin pẹlẹbẹ kan tó dà bí owó, owó irin là ń pè é, sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn owó irin yìí kò nípọn bákan náà. Èyí tó bá ti wà ní ojú kan, ojú náà ló gbọ́dọ̀ padà sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní í mí dáadáa. Bàbá mi fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sórí àpáta kí wọ́n gbẹ, lẹ́sẹẹsẹ, bí ọmọ ilé ìwé. Ó lọ wá jọ́ọ̀ǹtì tí a fi ń dí ẹnu ẹ́ńjìnnì ní gáréèjì. Èmi àti ìyá mi wà lọ́jà.

Òjò ṣú.

Nígbà tí a sáré délé, Ìyá Filomẹ́nà dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo bá yín kó o! Kò sí ẹyọ kan tí òjò kàn!" Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀. Ata, èlùbọ́, ife irin, owó irin, kabirétọ̀, gbogbo wọn ti di ọ̀rẹ́.

Bàbá mi náà sáré wọlé láti gáréèjì, ó wo inú apẹ̀rẹ̀. "Ìyá Filomẹ́nà, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?"

"Mo mọ̀ dáadáa. Mo gba ẹ́ńjìnnì yín lọ́wọ́ òjò."

Òfin àpáta ni obìnrin náà tẹ̀ lé. Bàbá mi jókòó, ó ń ṣa ata kúrò nínú irin, omi ń dà lójú rẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ata ni tàbí ẹkún. Ìpàdé ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lójijì ó ní kí ìyá mi fún òun ní abẹ ìfárun láti inú àtẹ rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fá a lórí ni?" Rárá o. Abẹ fẹ́lẹ́ ni ó fi ń wọn àyè tó wà láàárín kókó ọ̀pá àti ife. Bí abẹ méjì bá wọlé tìkanra-tìkanra, ó dára. Bí kò bá wọlé, owó irin náà nípọn jù. Èmi ni mò ń ti abẹ bọ ibẹ̀, ìka mi ló tín-ínrín jù. A ń pààrọ̀ àwọn owó irin, a ń tú, a ń dè. Nígbà tó yá, gbogbo wọn rí ojú wọn àfi ọ̀kan tó sanra ju ojú tó kù lọ.

Ìyá Filomẹ́nà ní, "Ẹ gbé e wá." Ó gbé e lé orí ọlọ ata rẹ̀, ó ró ìró rẹ̀ le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ irin. Ó ń lọ̀ ọ́, à ń wọ̀n ọ́n. Apá rẹ̀ wú. Ìyá mi ń bu omi sí i, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ yìí yóò pẹ́ kó tó jinná. Títí abẹ fi wọlé, tìkanra-tìkanra!

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ẹ́ńjìnnì ti padà sínú ọkọ̀, Délégéè sì dé pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti okùn gbọọrọ. Bàbá mi ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó dákẹ́. Délégéè na ọwọ́ sí okùn. Bàbá mi tún ṣí i. Ọ̀pá méjèèjì sì jí! Ẹ̀yin ènìyàn, ohùn yẹn! Kì í ṣe gbùgbùgbù bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ń ké geere, ó ń gòkè sí i, gbogbo irun ara mi dìde. Èéfín tú jáde, ata tó ṣẹ́kù nínú kabirétọ̀ sì bá a jáde. Délégéè gbé ọwọ́ sókè, "Ehú...", ó sín! Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún sín! Gbogbo àdúgbò ń sín, a sì ń dáhùn pé "Dàndàn!" Okùn bọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi kó wa sínú ọkọ̀, Ìyá Filomẹ́nà níwájú. A gba ọ̀nà Tré, a kọjá lára àwọn ọkọ̀ tó ti ṣáájú wa jáde, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́! Sikírátù wà lẹ́yìn mi. Mò ń pariwo gba inú ihò eyín mi.

Lónìí, ọmọ mi ra ọkọ̀. Ó ṣí iwájú rẹ̀ hàn mí: ike dúdú ló bò ó, bí ìkòkò tí a kò fẹ́ kí àlejò rí inú rẹ̀. Mo ní ọ̀pá mélòó ló wà níbẹ̀, ó ní òun kò mọ̀, kọ̀ǹpútà ló mọ̀. Àpáta wa ṣì wà, ilé ti gba ìdajì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sá ata síbẹ̀, mo lọ sọ́jà, òjò rọ̀. Ọmọbìnrin tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wà nílé. Ó ní, "Màmá, mo rí i o, ṣùgbọ́n mi ò mọ bóyá ẹ máa fẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan yín." Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Mo kó ata tó ti rà, mo fa ọmọbìnrin náà wá sídìí ọlọ Ìyá Filomẹ́nà, tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo fi ojú ibi tí irin ti ha á hàn án. Mo ní, "Jókòó. Nígbà mìíràn tí òjò bá ṣú, kó o wọlé, da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èmi ni n ó ṣà á."