Ó Rí Mi

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni àbúrò mi ọkùnrin fi ń ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe: “Ó rí mi.” Télọ̀ ni, ní àdúgbò Banikanni níbí. Bó bá ń wọn àyà rẹ lọ́wọ́, má dárúkọ bọ́ọ̀lù, kí téèpù má baà wà lára rẹ títí yóò fi rojọ́ tán.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó padà di mẹkáníìkì, ni wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún àdúgbò wa. Lọ́jọ́ àṣekágbá ní pápá Titirou, àbúrò mi nìkan ló dúró níwájú àwọ̀n, aṣọ́lé ti ṣubú. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò gbá a sí i. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gbá a wọlé, bọ́ọ̀lù sì fò kọjá ògiri lọ balẹ̀ sórí wàrà wàgáṣì tí ìyá kan sá sóòrùn.

Àwọn méjèèjì ti hewú báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣì jọ máa ń wà lápá kan náà nínú bọ́ọ̀lù àwọn àgbà. Àbúrò mi á kúkú gbá bọ́ọ̀lù sí alátakò ju kó gbá a sí mẹkáníìkì lọ.

“Gbá a sí i, jàre,” ni mo máa ń sọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ó rí mi.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹkáníìkì kò wá. Orúnkún ń dùn ún. Àbúrò mi wo ojú ọ̀nà títí, ó wá jókòó tì mí, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

Mo ní, “O ò gbá mọ́ ni?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo fẹ́ lọ fi bọ́ọ̀lù dù?”