Ọjọ́ Tí A Jókòó De Omi Tí Kò Fà

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kò kàn wá ní abúlé wa lẹ́bàá Ajah. Ọkọ̀ ojú omi la ní, ibi tó bá wù ú ló ń gbà. Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, má rẹ́rìn-ín, máa kọ ọ́. Òórùn omi òjò tó sé mọ́ wa lẹ́nu géètì láti ìjẹta ló rán mi létí.

Ọ̀gá kan wá láti Èkó, ó ra ilẹ̀ etí odò wa, ó fi erùpẹ̀ sé ẹnu odò náà mọ́ ọ̀sà, omi ò wọlé, omi ò jáde mọ́. Kì í ṣe torí oko, kì í ṣe torí ẹja. Fàájì ni. Ní Sátidé, àwọn àlejò rẹ̀ á dé, wọ́n á wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ, wọ́n á tún wà á bọ̀, wọn ò ní pa ẹja kan. Àwọn àgbà wa á máa wò wọ́n: "Ṣé nǹkan wọn ló bọ́ sómi ni?"

Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ti kìlọ̀ pé ọmọ tó bá fẹsẹ̀ kan omi ọ̀gá, àgọ́ ọlọ́pàá ló máa sùn.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi ń lọ ta ẹja, ó gbé Múfú, àbúrò mi tó ṣì ń mu ọmú, pọ̀n mí. "Má kúrò nílé o. Mò ń bọ̀ kí ebi tó pa á." Bó ṣe lọ tán ni èmi àti Sáfù, ọ̀rẹ́ mi, wọ ọkọ̀ ọ̀gá, a wà á dé òkìtì kékeré kan tó yọrí láàárín omi. Ní ọ̀sà tiwa, ẹnikẹ́ni kì í fa ọkọ̀ jìnnà sókè. Etí omi lo máa fi í sí. Omi á fà, ọkọ̀ á jókòó sórí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ká tó ṣeré díẹ̀, atẹ́gùn ti gbé ọkọ̀ lọ.

"Fara balẹ̀," Sáfù wí. "Omi á fà lọ́sàn-án, a ó fẹsẹ̀ rìn lọ."

A jókòó. Mo fi igi gún etí omi láti fi ṣàmì. Oòrùn kan àtàrí, omi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Mo mọ̀wẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń pọn ọmọ ọwọ́ wẹ odò? Múfú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fi ìka sí i lẹ́nu. Ó mu ún, ó tu ú dànù. À ń wo ọlọ́dẹ lókè ọ̀hún tó ń gbálẹ̀. Mo fẹ́ pè é, Sáfù bò mí lẹ́nu: "Ṣé ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ lọ ni?" Igbe Múfú rẹlẹ̀ títí ó fi dà bíi ti ọmọ ológbò. Ìgbà tó dákẹ́ pátápátá, tí orí rẹ̀ rọ̀ sí mi lẹ́yìn, ni mo tó figbe ta.

Ìyá mi tó ti ń wá wa kiri ló gbọ́.

"Ìyá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n wá àjẹ̀," ni ọlọ́dẹ wí.

"Kí n dúró de kí ni?" Ó wọ omi tìróotìró, ó ń ti bàsíà ẹja rẹ̀ níwájú. Orí òkìtì yẹn ló ti fún Múfú lọ́mú. Ìgbà tó gbọ́ tí ọmọ gbé e mì ló tó wojú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọkọ̀.

"Ta ló bi ọ́ léèrè ọkọ̀? Ẹnu rẹ ńkọ́?"

Inú bàsíà la gbé Múfú sí, a wẹ̀ tì í dé èbúté, ó ń rùn bí ẹja.

Wọ́n ti fi iyanrìn dí odò náà. Ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. Múfú ti ní ọmọ ọmọ. Sáfù wà ní Jakande, ó ṣì ń bá mi jiyàn pé ká ní a ní sùúrù ni, omi ì bá fà. Ní tèmi, nígbà tí mo bí àwọn ọmọ mi, mo sọ fún wọn pé ibi yòówù tí wọ́n bá há sí, ìbáà jẹ́ ibi tí mo ní kí wọ́n má dé, kí wọ́n ké pè mí. Mo ní: "Màá kọ́kọ́ yọ yín. Ọ̀rọ̀ pàṣán, ilé la ó ti sọ ọ́."